Kí àńtíbọ́dì tí a mí sínú má tètè kúrò ní ọ̀nà èémí

Ẹ kọ́kọ́ wádìí ibi tí oògùn àńtíbọ́dì yín (purotéènì tó ń di ohun tó ń fa àìsàn mú) ń gbà jáde nínú ẹ̀dọ̀fóró kí ẹ tó máa wá ohun tí ẹ máa fi dá a dúró. Ohun tí mo máa ń sọ fún ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iṣẹ́ yìí nìyẹn, nítorí oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi ṣòfò kó tó yé mi.

Mo fi àwọ̀ tó ń tàn sára àńtíbọ́dì, mo fọ́n ọn sínú ẹ̀dọ̀fóró àwọn eku, mo sì ń fi kámẹ́rà wò wọ́n. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, àyà wọn ṣì ń tàn yòò. Inú mi dùn gan-an. Ìgbà tí mo wá fi omi fọ ẹ̀dọ̀fóró wọn, tí mo fi ELISA, àyẹ̀wò tó ń wọn iye purotéènì, wá àńtíbọ́dì tó ṣì lè di ohun tó yẹ kó dì mú, díẹ̀ kíún ni mo rí. Àwọ̀ nìkan ló kù. Mákírófeèjì, àwọn sẹ́ẹ̀lì apalẹ̀mọ́ inú ẹ̀dọ̀fóró, ti gbé àńtíbọ́dì náà mì, wọ́n ti jẹ ẹ́, àwọ̀ sì ṣẹ́ kù sínú wọn.

Láti ìgbà náà, n kì í gba àwọ̀ gbọ́ àfi tí ELISA bá jẹ́rìí sí i. Ẹ wọn omi tí ẹ fi fọ ẹ̀dọ̀fóró, ẹ wọn ẹran ẹ̀dọ̀fóró fúnra rẹ̀, ẹ sì wọn ẹ̀jẹ̀, ó kéré tán ní wákàtí 4, 24 àti 48. Bó bá ń pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀, ó ń gba ara ògiri ẹ̀dọ̀fóró jò lọ nìyẹn. Bí ẹ kò bá rí i ní ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọ́n ti jẹ ẹ́, tàbí wọ́n ti gbá a jáde.

Àwọn irun wíńníwíńní tó wà lójú ọ̀nà èémí ló ń gbá a. Ní ìṣẹ́jú àáyá kan, wọ́n lè fì ju ìgbà 10 lọ, wọ́n sì ń ti kẹ̀lẹ̀bẹ̀ gòkè sí ọ̀fun títí a ó fi gbé e mì. Oògùn tó bá bá kẹ̀lẹ̀bẹ̀ dé ikùn ti di oúnjẹ. Irun yìí kò sí nínú àwọn àpò afẹ́fẹ́ ìsàlẹ̀ pátápátá, ṣùgbọ́n mákírófeèjì ló ń ṣọ́ ibẹ̀. Nítorí náà, ibi tí àìsàn wà ni kí ẹ fojú sí. Ẹ̀kán kùrukùru tó tó máíkírómítà 1 sí 5 (máíkírómítà kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mílímítà) ló ń wọ ẹ̀dọ̀fóró dáadáa. Èyí tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ máa ń lẹ̀ mọ́ ọ̀fun.

Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n àńtíbọ́dì gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí. Odidi IgG, irú àńtíbọ́dì tó wọ́pọ̀, tó nǹkan bíi kilodáltọ̀n 150 (kilodáltọ̀n la fi ń wọn bí purotéènì ṣe wúwo tó). Ó ní ìrù kan tí purotéènì tí wọ́n ń pè ní FcRn máa ń dì mú, tí á fi gbé e la sẹ́ẹ̀lì kọjá sínú ẹ̀jẹ̀. Bí ẹ bá gé ìrù náà kúrò, Fab, apá tó ń di nǹkan mú, ló kù, kò ju nǹkan bíi 50 lọ. FcRn kò lè gbé e mọ́, àmọ́ ó ti kéré débi pé á máa jò fúnra rẹ̀. Nanobody, ègé àńtíbọ́dì tíńtín, tiẹ̀ tún kéré sí i, bíi 15 péré.

Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo máa ń gé ìrù, lẹ́yìn náà mo á so okùn gígùn PEG (kẹ́míkà kan tó ń yọ́ nínú omi) mọ́ ọn kó lè wúwo. Ní 2014, ẹgbẹ́ Rita Vanbever ní yunifásítì UCLouvain, Bẹ́ljíọ̀mù, fi hàn lára eku pé ègé àńtíbọ́dì tí wọ́n so PEG mọ́ máa ń pẹ́ nínú ẹ̀dọ̀fóró ju èyí tí kò ní lọ dáadáa. Ìdí sístéènì (ọ̀kan nínú àwọn ásídì amínò tó para pọ̀ di purotéènì) tó wà níbi tí ẹ ti gé ìrù ni kí ẹ so ó mọ́, torí ó jìnnà sí ẹnu tí àńtíbọ́dì fi ń di nǹkan mú. Ẹ má so ó káàkiri ara rẹ̀. Mo ti rí èyí tó pẹ́ nínú ẹ̀dọ̀fóró tí kò sì lè di ohunkóhun mú mọ́. Àwọn ènìyàn kan sì wà tí ara wọn ti ní àńtíbọ́dì tó ń gbógun ti PEG, ẹ yẹ ìyẹn wò kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ ènìyàn.

Nẹ́búláísà, ẹ̀rọ tó ń sọ omi oògùn di kùrukùru, tún lè ba gbogbo làálàá yìí jẹ́. Èyí tó ń fi atẹ́gùn fọ́n oògùn máa ń dá omi kan náà padà léraléra, àńtíbọ́dì á sì máa dìpọ̀ níbi tí omi àti afẹ́fẹ́ ti pàdé. Èyí tó ní àwo pẹlẹbẹ oníhò tíntìntín tó ń gbọ̀n ni mo fẹ́ràn jù. Ẹ fi polysorbate, èròjà tó ń dín bí purotéènì ṣe ń dìpọ̀ kù, díẹ̀ sí omi oògùn, ẹ gba kùrukùru rẹ̀ sínú túùbù tútù, kí ẹ sì yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ti di kókó. Kókó lè jẹ́ kó dà bíi pé oògùn pẹ́, àmọ́ ó lè mú kí ara kọ̀ ọ́.

PEG máa ń mú kí omi oògùn ki, nítorí náà ẹ wọn bí ẹ̀kán rẹ̀ ṣe tóbi tó lákọ̀tun lẹ́yìn tí ẹ bá ti so ó. Ẹnu ni kí ẹni tó ń lò ó fi mí, kì í ṣe imú, nítorí imú á sẹ́ púpọ̀ nínú kùrukùru náà. Kó rọra mí wọlé, kó sì dá èémí dúró díẹ̀ kó tó tú u jáde.