Ẹ̀fọn, gọ́tà àti ọpọlọ ẹṣin: ohun tó yẹ kí olùtọ́jú ẹṣin l'Ékòó mọ̀ ọ́n ṣe

Irú ibà tí ẹ̀fọn ń kó ran ènìyàn kì í mú ẹṣin. Nítorí náà, bí ẹṣin póló yín ní Ìkòyí, tàbí èyí tí ẹ fi ń gbé ọmọdé kiri ní etíkun Elégúṣì, bá bẹ̀rẹ̀ sí í ta gbọ̀ngbọ́n, ẹ má lọ ra oògùn ibà ní kẹ́mísìì. Àrùn ọpọlọ ẹṣin tí ẹ̀fọn ń gbé, tó kàn wá níhìn-ín, ni ti West Nile, fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n kọ́kọ́ rí ní Uganda ní 1937. Èyí tí wọ́n ń pè ní Eastern equine le jù ú lọ fíìfíì, ṣùgbọ́n ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni tirẹ̀ wà.

Ara ẹyẹ ni ilé fáírọ́ọ̀sì yìí. Ẹ̀fọn mu ẹ̀jẹ̀ ẹyẹ, ó wá lọ jẹ ẹṣin. Ibẹ̀ ni ọ̀nà ti pin, torí pé èyí tó ń wà nínú ẹ̀jẹ̀ ẹṣin kéré jù fún ẹ̀fọn mìíràn láti gbé lọ. Ẹṣin tó ń ṣàìsàn kò lè kó o ran ẹṣin kejì, bẹ́ẹ̀ ni kò lè kó o ran ẹni tó ń fọ̀ ọ́. Ẹ̀fọn kan náà ló lè jẹ ẹ̀yin náà.

Omi ni kí ẹ kọ́kọ́ dojú kọ. Culex, yànmùyánmú tó ń gbé e, fẹ́ràn omi ìdọ̀tí: gọ́tà tó dí, ṣókàwéè tí ìdérí rẹ̀ ti là, ibi tí ìtọ̀ ẹṣin ti dá ọ̀gọ̀dọ̀ sẹ́yìn ibùso. Lójú omi ló ń yé ẹyin rẹ̀, wọ́n á so pọ̀, wọ́n á léfòó, wọn ò sì tóbi ju hóró ìrẹsì lọ. Nínú ooru Èkó, nǹkan bí ọjọ́ 7 sí 10 ni ẹyin fi ń di ẹ̀fọn tó ń fò. Ìdí nìyẹn tí a fi ń da omi inú ọpọ́n ìmumi nù lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, tí a ó sì fi búrọ́ọ̀ṣì fọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kí a kàn máa bu omi tuntun lé ti àná kò ṣe nǹkan kan.

Fún gọ́tà, ẹ mú abọ́ funfun, ẹ bu omi létí rẹ̀ nígbà mẹ́wàá ní ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bí ìdin ẹ̀fọn bá wà, á dorí kodò, ìdí ló máa fi ń mí lójú omi. Bí òjìji yín bá bọ́ lé wọn, gbogbo wọn á rì lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ yáa dúró síbi tí òjìji yín kò ti ní kan omi, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ ó bu omi lásán, ẹ ó sì ní kò sí nǹkan. Níbi tí gọ́tà kò bá ti ṣeé ṣàn, oògùn Bti ni kí ẹ lò bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára páálí. Ìdin ló ń pa, kì í ṣe ẹṣin. Ẹ fi àwọ̀n bo ẹnu páìpù tí afẹ́fẹ́ ṣókàwéè ń gbà jáde. Ẹ̀fọn tó ń ti ibẹ̀ wá kì í ṣe kékeré.

Òru gan-an ni Culex ń jẹ jù, nítorí náà àwọ̀n ojú fèrèsé àti ẹnu ọ̀nà ṣe pàtàkì ju iná tó ń pa ẹ̀fọn lọ. Kí ihò rẹ̀ má ju mílímítà 1.5 lọ. Fáànù dára, torí ẹ̀fọn kì í lè fò nínú atẹ́gùn líle, ṣùgbọ́n ẹ gbé wáyà rẹ̀ kúrò níbi tí ẹnu ẹṣin lè dé. Oògùn ẹ̀fọn permethrin tí wọ́n ṣe fún ẹṣin ni kí ẹ fọ́n sí ẹsẹ̀, ikùn àti àyà. Amitraz tí wọ́n ń tà fún eégbọn màlúù, ẹ má jẹ́ kó kan ẹṣin láé: ó ń dá ìfun rẹ̀ dúró.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára wà. Méjì ni ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀sẹ̀ 3 sí 6 láàárín wọn, lẹ́yìn náà ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún. Ẹ bá dókítà ẹran sọ̀rọ̀ láti oṣù kìíní, kí ìkejì ti wọlé kí òjò tó dé. Kí ó wà ní 2 sí 8°C láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Èyí tó bá dì bíi yìnyín ti bàjẹ́, kódà bó tiẹ̀ yọ́ padà. Nínú kúlà, ẹ fi páálí sáàárín ìgò oògùn àti yìnyín.

Nísinsìnyí, ẹṣin náà ti ń ṣàìsàn ńkọ́? Láti ọjọ́ 3 sí 15 lẹ́yìn tí ẹ̀fọn jẹ ẹ́ ni àmì ń yọ. Ètè àti imú á máa gbọ̀n wìnnìwìnnì, bí ìgbà tí eṣinṣin bà lé e tí kò sì sí eṣinṣin. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn á máa wọ́, á máa kọsẹ̀ nígbà tó bá fẹ́ yí. Ara gbígbóná lè má sí rárá, torí náà tẹ̀mómítà tó fi 38 hàn kò túmọ̀ sí pé ara dá.

Àmọ́ dìgbòlugi náà lè bẹ̀rẹ̀ báyìí, ìyẹn sì lè pa ènìyàn. Títí dókítà yóò fi sọ̀rọ̀, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ má ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹ sì kọ orúkọ gbogbo ẹni tí itọ́ rẹ̀ kàn. Bí ara bá le gbagidi bí igi, tí awọ ojú kẹta ń yọ bo ẹyinjú, tẹ́tánọ́ọ̀sì ni kí ẹ fura sí. Ẹṣin tó ti Òkè Ọya dé, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò fún àrùn tí eṣinṣin tsetse ń gbé.

Ẹ mú un kúrò lórí kọnkéré bọ́ sórí yanrìn, ẹ kó bọ́kẹ́ẹ̀tì kúrò, ẹ má so ó mọ́ òpó. Kí ẹnikẹ́ni má fi ìgò rọ àgbo tàbí epo pupa sí i lẹ́nu. Ọ̀fun rẹ̀ lè má gbé nǹkan mì mọ́, inú ẹ̀dọ̀fóró ni yóò gbà lọ.

Dókítà á béèrè bó ṣe wúwo tó, ìméfò sì ló ń ba ìwọ̀n oògùn jẹ́. Ẹ fi téèpù wọn yípo àyà rẹ̀ lẹ́yìn apá, ẹ wọn gígùn láti ṣóńṣó èjìká dé ṣóńṣó ìdí, ní sẹ̀ǹtímítà. Ẹ fi yípo àyà sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, ẹ tún fi gígùn sọ ọ́ di púpọ̀, kí ẹ wá fi 11,900 pín in. Àyà 150, gígùn 140: kílò 265 ni. Bí wọ́n bá ń gba ẹ̀jẹ̀ lọ sí láàbù, ẹ sọ ọjọ́ tí ẹ gún un ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, torí àjẹsára náà máa ń hàn nínú àyẹ̀wò. IgM, ọmọ ogun ara tó kọ́kọ́ ń yọ nínú ẹ̀jẹ̀, ló ń fi àrùn tuntun hàn.

Kò sí oògùn tó ń pa fáírọ́ọ̀sì náà. Omi ara, oògùn ìrora àti ìtọ́jú ni. Bó bá ti dùbúlẹ̀, ẹ tẹ́ iyẹ̀ pákó láti sọ́míìlì tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 30, kí ẹ máa yí i sí ẹ̀gbẹ́ kejì ní wákàtí 2 sí 4, tọ̀sán-tòru. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni kí ẹ dúró sí, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀, torí bó bá ta, egungun yín ló máa gbà á. Nínú ẹṣin 3 tó bá fi àmì hàn, bí 1 ń kú. Èyí tí yóò là máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í yá láàárín ọjọ́ 3 sí 7, ṣùgbọ́n ìrìn rẹ̀ lè gba oṣù kó tó tún. Bó bá kú, ẹ má jẹ́ kí alápatà gbà á, kí dókítà ẹran fi orí rẹ̀ ránṣẹ́ sí ilé ìwádìí àrùn ẹran ní Vom, ní ìpínlẹ̀ Plateau, fún àyẹ̀wò dìgbòlugi.