Kí Ẹ Tó Ra Káàdì Gíráfíìkì fún Kọ̀ǹpútà Àtijọ́, Ẹ Ka Ara Àpótí Iná Rẹ̀

Lọ́jọ́ Sátidé kan, ọmọkùnrin ẹ̀gbọ́n mi gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Kétu, lórílẹ̀-èdè Benin, lórí zemidjan, ọ̀kadà tiwa, ó fi aṣọ ìbora dì í bí ọmọ tuntun. Dell OptiPlex 7010 ni, irú èyí tó dúró gogoro, ọ̀kan nínú àwọn kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì tí wọ́n ti lò ní Yúróòpù kí ọkọ̀ òkun tó kó wọn dé Kútọnu. Géèmù ló ń fi í gbá. “Bùrọ̀dá,” ó ní, “bí mo bá ti fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n báyìí, àwòrán á dúró.” Ẹgbẹ̀rún 70 sẹ́fà wà lọ́wọ́ rẹ̀, tó kó jọ nídìí ìwé tó ń tẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ẹnìkan ní Kútọnu ti ní òun ní RX 580, ìyẹn káàdì gíráfíìkì kan tí ń bá kọ̀ǹpútà ya àwòrán géèmù, tí òun fẹ́ tà, ọmọ náà sì fẹ́ fi owó ránṣẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Mo ní kó fi owó sápò ná, kó mú sukudiráfà.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń fò dá ni iná. Ihò gígùn ara mọ́dábọ́ọ̀dù, pátákó ńlá tí gbogbo ẹ̀yà kọ̀ǹpútà so mọ́, tí a ń ki káàdì bọ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní PCI Express, lè fún káàdì ní iná wọ́ọ̀tì 75, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Káàdì tí oúnjẹ rẹ̀ bá ju ìyẹn lọ, a gbọ́dọ̀ fa wáyà wá fún un láti inú àpótí iná, èyí tí àwọn ará Kútọnu ń pè ní alimentation. Wáyà ẹlẹ́sẹ̀ 6 ń fi 75 kún un, ẹlẹ́sẹ̀ 8 ń fi 150 kún un. RX 580 tí ọmọ náà ń lé yìí ń jẹ nǹkan bíi wọ́ọ̀tì 185. A ṣí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà, mo ní kó ka ohun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ àpótí iná fún mi. Wọ́ọ̀tì 275 ni fún gbogbo kọ̀ǹpútà pátá. Mo ní kó wá wáyà ẹlẹ́sẹ̀ 6 tàbí 8 ti káàdì jáde láàárín àwọn wáyà yẹn. Ó wá a títí, kò rí ọ̀kan ṣoṣo.

Àwọn tó ń tajà á ní kò sí wàhálà, wáyà kékeré kan wà tí ń sọ ẹnu wáyà háàdì díìsìkì di ẹlẹ́sẹ̀ 8. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rà á. Ẹnu wáyà háàdì díìsìkì yẹn, tí wọ́n ń pè ní SATA, kò lè gbé ju wọ́ọ̀tì 54 lọ lójú ọ̀nà fóltì 12 rẹ̀. Mo ti gbọ́ òórùn rẹ̀ rí. Kọ̀ǹpútà oníbàárà kan ni mo fi irú wáyà bẹ́ẹ̀ sí, ó ṣiṣẹ́ fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, inú mi ti ń dùn, kí n tó mọ̀ rọ́bà ti ń yọ́, àpótí iná kú, ó sì mú mọ́dábọ́ọ̀dù lọ pẹ̀lú. Oṣù mẹ́rin ni mo fi san gbèsè yẹn. Láti ọjọ́ náà ni n kì í ti í sọ̀rọ̀ káàdì pẹ̀lú ẹnikẹ́ni kí n tó rí àpótí iná.

Ẹ lè pààrọ̀ àpótí iná fúnra rẹ̀ o. Ti 7010 tó ga yìí rọrùn, torí wáyà ẹlẹ́sẹ̀ 24 tó wà káàkiri ọjà ló wọ mọ́dábọ́ọ̀dù rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ 7020 tàbí 9020 lẹ ní, ẹlẹ́sẹ̀ 8 ni Dell fi síbẹ̀, àpótí tí ẹ bá rà lọ́jà kò ní bá a mu àfi tí ẹ bá wá wáyà ìyípadà rẹ̀. Àpótí tuntun tó ṣeé gbọ́kàn lé sì lè gbé ìdajì owó ọmọdé lọ. Bí owó bá kéré, káàdì tí wọ́ọ̀tì 75 ihò yẹn tó fún ni kí ẹ wá.

Mẹ́ta ni mo mọ̀ dáadáa nínú wọn. GTX 1050 Ti jáde ní 2016, ó ní mẹ́mọ́rì gígábáìtì 4, ó ṣì ń gbìyànjú, àmọ́ láti ìparí 2025 ni NVIDIA tó ṣe é ti dáwọ́ driver géèmù tuntun, ìyẹn ètò tí ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà mọ bó ṣe máa lo káàdì, dúró fún ìran rẹ̀, àtúnṣe ààbò nìkan ló kù fún un. GTX 1650 jáde ní 2019, gígábáìtì 4 lòun náà ní, ó yára ju ti àkọ́kọ́ lọ, driver rẹ̀ ṣì ń jáde. RX 6400 ti 2022 ń jẹ wọ́ọ̀tì 53 péré, ìyẹn dára, ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà 4 ló ń lò nínú 16 tí ihò náà fi ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀, ẹ̀dà PCI Express 4.0 ni wọ́n sì ṣe é fún. Nínú kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí ihò rẹ̀ jẹ́ 3.0 tàbí 2.0, agbára rẹ̀ á dínkù. 1650 ni mo yàn fún un. Ẹ kíyè sí i pé àwọn 1650 kan wà tí wọ́n ní ihò wáyà ẹlẹ́sẹ̀ 6 létí. Ẹ yí káàdì náà po kí ẹ tó sanwó; èyí tí etí rẹ̀ mọ́ rekete ni tiyín.

Ẹ fi rúlà wọn àyè inú kọ̀ǹpútà, láti ẹ̀yìn títí dé ibi tí háàdì díìsìkì wà. Bó bá jẹ́ irú OptiPlex tó kéré tó sì tín-ín-rín lẹ ní, káàdì gíga kò ní wọlé rárá, ẹ bi wọ́n léèrè káàdì kúkurú tó ní irin ìdè kúkurú tirẹ̀. Ẹ má sì ra káàdì tó lágbára ju ọpọlọ kọ̀ǹpútà lọ: i5-3470 inú tirẹ̀ jẹ́ ti 2012, káàdì olówó iyebíye á kàn jókòó máa retí rẹ̀ ni.

A jọ lọ Kútọnu ní ọjọ́ Ajé. Káàdì àlòkù ni gbogbo ohun tó wà níbẹ̀, ayédèrú sì wà nínú wọn: káàdì GTS 450 ti 2010 tí wọ́n yí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ padà kó máa jẹ́rìí pé 1050 Ti lòun. Mo máa ń gbé ètò GPU-Z dání lórí USB, ó ń tú irú wọn fó. Ẹ wo ara káàdì náà pẹ̀lú. Ẹnu wúrà ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dúdú, kò sì gbọ́dọ̀ sí àwọ̀ ewé lára irin rẹ̀, nítorí afẹ́fẹ́ iyọ̀ etí òkun ń jẹ ẹ́. Ẹ fi ìka yí fáànù, kó yí láìdún. Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, kí ẹni tó ń tà á ki káàdì náà bọ inú kọ̀ǹpútà, kí ẹ rí i tó ń ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹni tó bá kọ̀, ẹ fi ọjà rẹ̀ sílẹ̀ fún un. Ẹni kẹta tá a dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló gbà. Ẹgbẹ̀rún 62 la san.

Nílé, ẹ kọ́kọ́ yọ driver káàdì àtijọ́ kúrò bí ọ̀kan bá ti wà níbẹ̀, kí ẹ sì gba BIOS tuntun, ètò tí kọ̀ǹpútà kọ́kọ́ ń lò nígbà tí a bá tàn án, lórí ìkànnì ẹni tó ṣe kọ̀ǹpútà náà, torí BIOS àtijọ́ lè kọ káàdì tuntun. Ẹ má fi BIOS síi lásìkò tí iná ń ṣe ségesège. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ pa kọ̀ǹpútà, ẹ yọ wáyà iná, ẹ tẹ bọ́tìnnì ìtanná mọ́lẹ̀ díẹ̀ kí iná tó kù nínú rẹ̀ tán. Ẹ fọwọ́ kan irin ara àpótí kọ̀ǹpútà kí ẹ tó mú káàdì, pàápàá nígbà ọyẹ́ tí ara máa ń ta iná. Eruku pupa Kétu tí mo fi búrọ́ọ̀ṣì gbá jáde nínú ti ọmọ yìí, ó kún àtẹ́lẹwọ́ méjì.

Káàdì kíkì kò gba àkókò. Ẹ yọ irin pẹlẹbẹ ẹ̀yìn, ẹ di káàdì mú létí, ẹ tì í wọ ihò náà ní dọ́gbadọ́gba títí ìdè kékeré ìparí rẹ̀ á fi dún “kọ́”. Ẹ fi síkúrù dè é.

Ibi tí wọ́n ti ń pè mí lórí fóònù jù lọ rèé: “Ojú rẹ̀ dúdú, káàdì ti bàjẹ́.” Kò bàjẹ́. Wáyà mọ́nítọ̀ ló ṣì wà nínú ihò mọ́dábọ́ọ̀dù. Ẹ gbé e sára káàdì. Mọ́nítọ̀ ọmọ náà jẹ́ ti VGA, irú ẹnu wáyà àtijọ́, 1650 kò sì ní VGA, a tún ní láti ra ohun tí ń sọ HDMI, ẹnu wáyà ti òde òní, di VGA.

Driver tuntun ju mẹ́gábáìtì 500 lọ, òru ni a gbà á, nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì dẹ̀. Nígbà tó parí, mo ní kó gbá géèmù náà fún odidi wákàtí kan kí n máa wo ooru káàdì lórí GPU-Z. Ó gun dé dígírì 71, ó dúró síbẹ̀. Bí tiyín bá ń kọjá 85, ẹ ṣí i, ẹ gbá eruku rẹ̀, kí ẹ sì pààrọ̀ pẹ́ẹ̀sìtì tó wà lábẹ́ irin ìtutù rẹ̀.

Owó tó ṣẹ́ kù lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní kó fi kún owó régulateur, ẹ̀rọ tí ń mú kí iná dúró déédéé, torí iná àdúgbò wọn máa ń lọ sókè sódò nírọ̀lẹ́. Ó ní ṣé kò lè dúró dé oṣù tó ń bọ̀. Mo ní kò lè dúró.