Àwọn Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nídìí Fọ́ọ̀mù Ìrẹ̀wẹ̀sì Ọkàn

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látorí èyí tó ń bí mi nínú jù: kíka ìbéèrè sókè létí ìyá ọkọ. Ìyá ìkókó gbé ọmọ wá gba abẹ́rẹ́ n'Iléṣà, ìyá ọkọ jókòó tì í gbágbáágbá. Nọ́ọ̀sì wá gbé EPDS jáde, fọ́ọ̀mù oníbéèrè mẹ́wàá tó wà fáwọn abiyamọ láti 1987, ó ń kà á gooro: "Mọ́mì, ṣé inú yín máa ń bàjẹ́ débi pé ẹ ń sunkún?" Kí lẹ fẹ́ kó wí? "Rárá o, mà. Ọpẹ́ ni f'Ólúwa." Òdo ni nọ́ọ̀sì kọ síbẹ̀. Ìbéèrè tó kàn. Iye tó bá jáde níbẹ̀, iye tí ìyá ọkọ lè gbọ́ ni. Ẹ rọra ní, "Màmá, ẹ bá wa gbé ọmọ dání níta, kò ní pẹ́." Bí abiyamọ bá mọ̀wé kà, ẹ fún un ní bírò, kẹ́ ẹ mójú kúrò. Bí kò bá mọ̀wé, ẹ kà á jẹ́jẹ́, ẹ má bá a mú ìdáhùn.

Àkókò náà ń da èèyàn rú. Ọjọ́ méje tó kọjá ni EPDS ń bèèrè. PHQ-9, fọ́ọ̀mù ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tí kì í ṣe tàwọn abiyamọ nìkan, ọ̀sẹ̀ méjì. K10, tó ń wo ìdààmú ọkàn lápapọ̀, ọgbọ̀n ọjọ́. Ẹni tẹ́ ò bá rán létí á máa ro ti ọkọ rẹ̀ tó kú láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn mọ́ ọn. Ẹ fi nǹkan tó ṣẹlẹ̀ ṣàmì sí i: "Láti Sọ́ńdè tẹ́ ẹ lọ ìkómọ yẹn títí dòní."

N'Ifẹ̀, tí ìdánwò bá ti dé, akẹ́kọ̀ọ́ á kún PHQ-9 lórí fóònù lóru, á fi èsì sórí WhatsApp: "Mo gba 14, mo ti ní depression." Ẹ dákun, fọ́ọ̀mù kì í sọ àrùn tó ń ṣeni. Ìbéèrè mẹ́sàn-án ni, òdo sí 3 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ 27. Tó bá ti tó 10, ó yẹ kí dókítà bá onítọ̀hún jókòó; ìwádìí 2006 kan láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní Nàìjíríà náà fara mọ́ 10 yìí. Ṣùgbọ́n oorun, àárẹ̀ àti oúnjẹ tí kò lọ lẹ́nu wà lára ohun tó ń bèèrè. Ibà lè fa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ká má tíì sọ ti ẹni tó ń kàwé mọ́jú. Iye kékeré náà kì í ṣe ẹ̀rí pé ara dá: PHQ-9 kò bèèrè ìbẹ̀rù tàbí ọkàn tí kò balẹ̀. Fọ́ọ̀mù mìíràn, GAD-7, ló ń ṣe ìyẹn, òdo sí 21.

Ìbéèrè kẹsàn-án nínú PHQ-9 kì í ṣe ohun àfiṣeré. Ó ń bèèrè bóyá èèyàn ń rò ó pé ikú sàn fún òun, tàbí pé kí òun ṣe ara òun léṣe. Àwọn kan á fò ó: "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!" Bíbéèrè kì í fi èrò ikú síni lórí. Àwọn mìíràn á béèrè, àmọ́ torí pé àpapọ̀ kò ju 5, wọ́n á ní kó máa lọ. Ohunkóhun tó bá ti ju òdo lọ níbẹ̀, ọjọ́ náà gan-an ni kẹ́ ẹ bi í bóyá ó ti gbèrò bó ṣe máa ṣe é, bóyá òògùn kòkòrò wà nílé. Tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀. Ẹ pe ẹni tó fọkàn tán, kẹ́ ẹ jọ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà. OAUTHC, ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì n'Ifẹ̀, ní ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ, ilé ìwòsàn Wesley Guild n'Iléṣà sì wà lábẹ́ OAUTHC kan náà.

Ẹ má ka ìbéèrè tí wọ́n fò sí òdo o. Ẹ dá a padà fún wọn. Ẹ má sì pín fọ́ọ̀mù káàkiri ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí láìtíì mọ ẹni tẹ́ ẹ máa rán àwọn tó bá gba iye ńlá sí.