Ilẹ̀ Oko Kòkó Àtijọ́: Ẹ Yẹ̀ Ẹ́ Wò Kí Ẹ Tó Gbin Ẹ̀fọ́ Síbẹ̀

Oògùn Gàmálíìnì 20 tí àwọn bàbá wa fín sí kòkó fún ọ̀pọ̀ ọdún, lindane, kẹ́míkà olóró tó ń pa kòkòrò, ló wà nínú rẹ̀. Kì í tètè kúrò nínú ilẹ̀, DDT, oògùn kòkòrò àtijọ́ mìíràn, sì máa ń pẹ́ nínú ilẹ̀ jù ú lọ. Lọ́dún 2009 ni àdéhùn Stockholm, tí àwọn orílẹ̀-èdè jọ ṣe lórí kẹ́míkà olóró tí kì í tètè kúrò nílẹ̀, fi lindane kún àwọn oògùn tí ayé gbọ́dọ̀ pa tì. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ sọ oko kòkó bàbá rẹ̀ di ọgbà ẹ̀fọ́, kó kọ́kọ́ gbé erùpẹ̀ rẹ̀ lọ sí láàbù.

Bí a ṣe bu erùpẹ̀ ló ṣe pàtàkì jù. Ẹ rìn ní wọ́gọwọ̀gọ káàkiri oko, ẹ bu díẹ̀díẹ̀ ní ojú ibi 15 sí 20, kó má jìn ju sẹ̀ǹtímítà 15 lọ. Ẹ pò ó pọ̀, ẹ mú bí ìdajì kílò. Ibi tí wọ́n ti máa ń po oògùn tí wọ́n sì ń fọ pọ́ǹpù, ẹ bu tirẹ̀ lọ́tọ̀, torí ibẹ̀ ni oògùn máa ń pọ̀ sí jù. Ìgò onígíláàsì tó mọ́ ni kí ẹ rọ ọ́ sí, kì í ṣe nylon tàbí àpò ajílẹ̀. Ẹ má sá a sóòrùn.

Ẹ sọ fún láàbù irú oògùn tí wọ́n ti lò rí. Àyẹ̀wò tí a fi ń mọ ajílẹ̀ tí ilẹ̀ nílò kò lè rí ìyókù oògùn kòkòrò. Ti èyí, wọ́n á fi kẹ́míkà fa oògùn jáde lára erùpẹ̀, wọ́n á sẹ́ ẹ, ẹ̀rọ gas chromatograph á sì ya oríṣi kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀. Àyẹ̀wò yìí tilẹ̀ ń sọ bí oògùn náà ti pẹ́ tó nínú ilẹ̀: DDT máa ń di DDE nínú ilẹ̀. Bí DDE bá pọ̀ ju DDT lọ, ti àtijọ́ ni. Bí DDT ló bá pọ̀ ju DDE lọ, ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan ṣẹ̀ṣẹ̀ fín in, ẹ wádìí rẹ̀.

Bí èsì bá burú, ẹ gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ọsàn síbẹ̀, kì í ṣe kárọ́ọ̀tì tàbí ẹ̀fọ́ tó fara kan ilẹ̀. Ẹ kó adìyẹ kúrò: ohun tó bá tú jẹ nínú erùpẹ̀ ń wọ inú ẹyin rẹ̀, ẹyin yẹn sì ni àwọn ọmọ yín ń jẹ. Ìgò Gàmálíìnì tó bá ṣì wà nínú àká, ẹ má dà á sódò. Ẹ fi tó òṣìṣẹ́ àgírí ìjọba ìbílẹ̀ yín létí.