Àṣìṣe LVM tó ń jẹ yín lówó

Ẹ̀ ń fowó ṣòfò lórí LVM, ìyẹn ètò Linux tó ń kó dísíìkì pọ̀ sínú agbo kan (VG), tó sì ń gé agbo náà sí ìpín-ìpín (LV). Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí inú mi lè rọ̀.

1. Rírà dísíìkì nígbà tí àyè ṣì wà nílẹ̀. Èyí ló ń bí mi nínú jù. Bí ẹ bá ní kí Ubuntu Server fi LVM pín dísíìkì fúnra rẹ̀, kì í lò ó tán. Lórí dísíìkì 500GB, 100G péré ló máa fún root (ìpín tí sístẹ́ẹ̀mù fúnra rẹ̀ ń gbé). Ìyókù á jókòó jẹ́ẹ́ sínú ubuntu-vg, VG tó dá sílẹ̀. Oníbàárà mi kan wo `df -h` (tó ń fi bí àyè ṣe kún tó hàn), ó rí 100%, ó bá sáré lọ ra dísíìkì tòkunbọ̀. Nígbà tó wá ké sí mi, `sudo vgs` ni mo kọ́kọ́ tẹ̀. (Ìyàwó mi ní mo máa ń pè é lójú oorun.) Lábẹ́ VFree (àyè tó ṣì ṣófo nínú VG), ó lé ní 360G! Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tí server kò sọ fún mi?" Ṣé kó pè yín lórí fóònù ni?

`sudo lvextend -r -L +50G /dev/ubuntu-vg/ubuntu-lv`

Ó tán. Ẹ ò tilẹ̀ ní pa server náà. Ẹ má sì kó gbogbo àyè náà sí i lẹ́ẹ̀kan, torí snapshot (àwòrán LV bó ṣe wà ní àkókò kan) náà ń fẹ́ ibi tó máa gbé.

2. Gbígbàgbé `-r`. LV á tóbi, fáìlì sístẹ́ẹ̀mù (ètò tó ń to fáìlì sínú rẹ̀) ò ní mọ̀, torí `-r` ló ń fẹ̀ ẹ́. Bẹ́ ẹ bá ti gbàgbé, ẹ fẹ̀ ẹ́ fúnra yín. Bó bá jẹ́ irú ext4: `resize2fs`. XFS: `xfs_growfs`.

3. Àmì `+`. `-L +50G` ń fi kún un. `-L 50G` ń sọ ọ́ di 50G. Bó bá jẹ́ `lvresize` lẹ lò, ó lè gé e kúrú. Ó máa kìlọ̀, ẹ̀yin á sì tẹ `y` láìkà á.

XFS ń fẹ̀, kì í sún kì. Snapshot kì í ṣe backup: orí dísíìkì kan náà ló wà, bó bá sì kún, kò wúlò mọ́.

Ẹ tún wo dísíìkì tòkunbọ̀ yẹn. Torí owó ti jáde, ọ̀gbẹ́ni náà ní dandan ká lò ó. Kí n tó débẹ̀ padà, ó ti fi `vgextend` kó o sínú ubuntu-vg, ó ti na LV kan ṣoṣo lé dísíìkì méjèèjì. Ìyẹn kì í ṣe RAID tó ń fi ẹ̀dà pamọ́ sórí dísíìkì kejì o! Bí ọ̀kan bá kú, gbogbo LV náà wọ gàù. Ẹ fi sínú VG tirẹ̀ lọ́tọ̀. Bó bá sì ti wọlé, ẹ má kàn fà á yọ: ẹ fi `pvmove` kó dátà kúrò lórí rẹ̀, kí ẹ tó fi `vgreduce` yọ ọ́ kúrò nínú VG.