Ọjọ́ Tí Mo Gún Ẹfun Sí Ọrùn Ẹṣin Funfun Uffington

Ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù Keje, mo kúnlẹ̀ lórí òkè kan ní ẹkùn Oxfordshire ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mo sì ń fi òòlù fọ́ òkúta ẹfun sí ọrùn ẹṣin kan tí ó ti wà níbẹ̀ láti nǹkan bí 3,000 ọdún sẹ́yìn. Ẹṣin yìí kì í ṣe ère, kì í sì í ṣe ohun tí a fi ọ̀dà kùn. Ńṣe ni àwọn ará ìgbà láéláé gbẹ́ kòtò tóóró tóóró sínú koríko òkè náà, tí wọ́n da ẹfun sínú rẹ̀, tí wọ́n sì gún un mọ́lẹ̀ dáadáa. Gígùn rẹ̀ tó 110 mítà.

Ẹ̀gbọ́n mi tí ó ń gbé ní Swindon ni ó kọ́kọ́ sọ fún mi pé National Trust, àjọ tí ó ń tọ́jú òkè náà, máa ń pe àwọn èèyàn jọ nígbà ooru kí wọ́n wá sọ ẹṣin náà di funfun padà láìgba owó. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí á jọ lọ.” Wọ́n ní orúnkún àwọn kò gbà á mọ́. “Ìwọ lọ, kí o padà wá ròyìn fún mi. Má gbàgbé ohun tí wàá fi tẹ́ orúnkún o.”

Ìmọ̀ràn náà wúlò gan-an. Kí a tó fọwọ́ kan òòlù, èpò ni a kọ́kọ́ tu, nítorí pé etí kòtò tí ó ya ẹṣin náà ni koríko ti máa ń wọlé, tí ó sì ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ìyá àgbàlagbà kan tí ó ń darí wa kìlọ̀ pé kí a má ṣe gbẹ́ etí náà fẹ̀ ju bí a ti bá a lọ, torí pé bí olúkúlùkù bá fi ìka kan kún un lọ́dọọdún, ẹṣin náà yóò yí padà di nǹkan mìíràn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fún wa ní bọ́kẹ́ẹ̀tì tí ó kún fún òkúta ẹfun. A dà á sílẹ̀, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í lù ú. Èyí tí ó gbẹ jù ń ta sí ojú, ṣùgbọ́n èyí tí ó ní ọ̀rinrin díẹ̀ máa ń rọ̀ lábẹ́ òòlù bí èlùbọ́ tí omi ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn, á sì lẹ̀ mọ́ ti àtẹ̀yìnwá pátápátá. Lẹ́yìn wákàtí kan gbáko, ibi tí mo ṣe parí kò ju fífẹ̀ ẹní kékeré kan lọ. Ó funfun débi pé n kò lè tẹjú mọ́ ọn nínú oòrùn.

Fún ìgbà pípẹ́, ohun tí àwọn ará ibẹ̀ gbà gbọ́ ni pé Ọba Alfred, ẹni tí wọ́n bí ní Wantage tí kò jìnnà síbẹ̀, ni ó ní kí wọ́n gbẹ́ ẹṣin náà láti fi ṣe ìrántí bí òun ṣe ṣẹ́gun àwọn ará Denmark ní ọdún 871. Ní àwọn ọdún 1990, àwọn awalẹ̀pìtàn yẹ erùpẹ̀ abẹ́ ẹfun náà wò láti mọ ìgbà tí oòrùn tàn sí i kẹ́yìn. Wọ́n rí i pé ẹṣin náà ti wà ní ó kéré tán 1,400 ọdún ṣáájú ogun Alfred. Kódà orúkọ ẹkùn náà ti yí padà lójú ẹṣin yìí, nítorí pé Berkshire ni Uffington, abúlé tí ẹṣin náà ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, wà títí di ọdún 1974 kí ìjọba tó dá a sí Oxfordshire.

Ohun tí ó wú mi lórí jù ni pé kì í ṣe òkúta líle ni ó mú ẹṣin yìí pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Bí a bá fi í sílẹ̀ fún ọdún díẹ̀ péré, koríko yóò bò ó. Láyé àtijọ́, àwọn ará abúlé máa ń gun òkè wá fọ̀ ọ́ ní nǹkan bí ọdún méje méje, wọn a sì fi ọjọ́ náà ṣe ọdún pẹ̀lú eré ìje àti ìjàkadì. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ńṣe ni wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ bò ó kí ọkọ̀ òfuurufú Jámánì má baà fi í mọ ọ̀nà. Lẹ́yìn ogun ni wọ́n tó ṣí i padà.

Nígbà tí a sinmi láti mu tíì, ìyá náà nawọ́ sí àfonífojì jíjìn tí ó wà nísàlẹ̀ wa. Ibùjẹ ẹṣin ni wọ́n ń pè é, wọ́n sì ní ibẹ̀ ni ẹṣin náà máa ń sọ̀ kalẹ̀ lọ jẹun lóru. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni òkè kékeré tí orí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, níbi tí wọ́n ní George Mímọ́ ti pa dírágónì. Ojú kan wà lórí òkè náà tí koríko kì í hù, wọ́n sì ní ẹ̀jẹ̀ dírágónì ni ó dà síbẹ̀. Wọ́n tún ní bí èèyàn bá dúró sí ojú ẹṣin, tí ó yí ní ìgbà mẹ́ta, ohun tí ó bá fẹ́ yóò ṣẹ. Nísinsìnyí, wọ́n ń bẹ àwọn àlejò pé kí wọ́n má ṣe tẹ ẹ́.

Lẹ́yìn iṣẹ́, mo gba ọ̀nà àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Ridgeway lọ sí Wayland's Smithy, ìrìn bí kìlómítà méjì. Ibojì olókùúta ni, ó sì ti lé ní 5,000 ọdún. Ìtàn wọn ni pé alágbẹ̀dẹ kan tí a kì í fojú rí ń gbé inú rẹ̀. Bí bàtà ẹṣin rẹ bá já, kí o so ẹṣin mọ́lẹ̀, kí o fi owó kan sórí òkúta, kí o sì kúrò níbẹ̀. Nígbà tí o bá padà dé, bàtà tuntun á ti wà lẹ́sẹ̀ ẹṣin, owó á sì ti lọ. Èmi tí a tọ́ dàgbà nílé alágbẹ̀dẹ, tí mo mọ bí a ṣe ń bọ̀wọ̀ fún Ògún, n kò lè kọjá láìdúró kí ibẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

Nígbà tí mo ń wakọ̀ padà sí Swindon, mo dúró lẹ́bàá ọ̀nà ní pẹ̀tẹ́lẹ̀, nítorí pé ẹni tí ó wà lórí òkè kì í rí ẹṣin náà tán. Mo ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n ní kí n fi ibi tí mo ṣe hàn wọ́n. Láti ibẹ̀, ilà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ṣoṣo ni gbogbo ọrùn náà, gbogbo rẹ̀ sì funfun bákan náà.