Bí A Ṣe Ń Fi Ìmọ́lẹ̀ Oòrùn Ya Fọ́tò Tó Yẹ Èèyàn

Ọjọ́ Iléyá kan ni mo ya ìyá mi àgbà ní fọ́tò lójúde ilé wa n'Ílọrin, lọ́sàn-án gangan. Aṣọ-òfì wọn ń dán, inú wọn dùn. Nígbà tí mo wo fọ́tò náà, ojú wọn ti di ihò dúdú méjì, òjìji imú sì bo ẹnu. Wọ́n ní, "Ṣé bí mo ṣe gbó tó nìyí?" Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra. Ọjọ́ orí kọ́ ló bà á jẹ́, ibi tí mo mú wọn dúró sí ni.

Àkókò ni kí ẹ kọ́kọ́ mú. Ní Ìlọrin, nǹkan bí aago 12:40 ni oòrùn máa ń ga jù lọ, ó sì máa ń dúró ṣánṣán sórí àtàrí nínú oṣù Kẹrin àti níparí oṣù Kẹjọ. Iwájú orí àti imú ló ń gba irú ìmọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹyinjú kì í rí nǹkan kan gbà. Ẹ ya fọ́tò kí aago 9 àárọ̀ tó lù, tàbí lẹ́yìn ìrun Alásárì, nígbà tí oòrùn bá ti ń rọlẹ̀.

Ṣùgbọ́n wòlímà kì í dúró de fọtogíráfà. Bó bá jẹ́ ọ̀sán, ẹ wá ìbòòji. Ẹ yẹra fún abẹ́ igi tí oòrùn ń gba àárín ewé rẹ̀ wọlé, torí àmì funfun á kún ojú èèyàn bí ẹni tí wọ́n ta ẹfun sí lára. Ìloro agbo ilé àtijọ́ ni mo fẹ́ràn jù. Kí ẹni náà dúró sínú, ìgbésẹ̀ kan péré sí ẹnu ọ̀nà, kó kọjú síta. Ibẹ̀ ni mo mú ìyá mi àgbà lọ lọ́jọ́ kejì. Ìmọ́lẹ̀ rọra bo ojú wọn bí ẹni fi òrí pa á. Nígbà tí mo fa fọ́tò náà tóbi, mo rí ẹnu ọ̀nà yẹn nínú ẹyinjú wọn méjèèjì, ó kéré, ó funfun báláú.

Bí ẹ kò bá mọ ìhà tó yẹ kí ojú kọ sí, ẹ di ẹ̀ṣẹ́, ẹ na apá síwájú, kí ẹ máa yí ká díẹ̀díẹ̀. Ibi tí òjìji àárín oríkèé ìka yín kò bá ti le mọ́, ibẹ̀ ni.

Lórí fóònù, ojú ẹni náà ni kí ẹ fi ìka tẹ̀, kì í ṣe aṣọ. Bí jalamíà funfun bá gba gbogbo fọ́tò, kámẹ́rà á rò pé ìmọ́lẹ̀ pọ̀ jù, á dín in kù, ojú aláwọ̀ dúdú á sì pòórá. Ẹ fa ìmọ́lẹ̀ sókè títí àwọ̀ á fi rí bí ẹ ṣe ń rí i lójúkojú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bó o. Àwọ̀ dúdú tí ìmọ́lẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ bà máa ń dán léegun ẹ̀rẹ̀kẹ́, pàápàá bí a bá fi òrí díẹ̀ pa á nígbà ọyẹ́.

Bí abẹ́ àgbọ̀n bá ṣókùnkùn, kí ẹnì kan di bẹ́díṣíìtì funfun mú níwọ̀n àyà níwájú rẹ̀. Ilẹ̀ pupa àwọn abúlé Ìgbómìnà ń ṣe irú iṣẹ́ yìí fúnra rẹ̀, ó sì ń jẹ́ kí ojú pọ́n díẹ̀. Ẹ ṣọ́ra fún kánópì aláwọ̀ búlúù o, ojú gbogbo àlejò ló máa sọ di búlúù.

Eruku ọyẹ́ máa ń dà bí aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lójú oòrùn, nítorí náà ẹ lè pẹ́ níta díẹ̀ sí i nígbà náà.

Bí oòrùn bá wọ̀, ẹ má tíì kó kámẹ́rà sápò. Ìmọ́lẹ̀ ṣì kù lójú sánmà fún nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú. Kí ẹni náà kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, kó má mira, kí ẹ̀yin náà sì fara ti ògiri, torí kámẹ́rà á pẹ́ díẹ̀ kó tó gba ìmọ́lẹ̀ tó tó.